Àpótí Páànù àti Àmín Ìyá Mi

Ọdún tí ẹsẹ̀ ìyá mi kọ̀ láti gbé e mọ́, ẹsẹ̀ náà kọ́ ló dùn ún jù. Ó ní ẹsẹ̀ ti sin òun tó, ó ti kiri Ìdímù àti Ẹgbẹ́dá fún ọgbọ̀n ọdún, bó bá fẹ́ sinmi kó sinmi. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò lè dé ilé ìjọ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ilé ìjọ náà kò ju ojúlé mẹ́fà lọ sí tiwa ní Ìgàndò. Láti yàrá iwájú tó ń jókòó sí, ó ń gbọ́ agogo wọn, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló wà láàárín, kò sì sí èyí tó ní sùúrù nínú wọn.

Ìjọ aláṣọ funfun ni. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n á ka orúkọ àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbàdúrà fún wọn, olórúkọ á sì ṣe àmín. Ìyá mi gbà pé àdúrà tí ẹni tó ni í kò bá ṣe àmín sí, bíi lẹ́tà tí kò bá ẹni tó ni í nílé ni, ṣe ni yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. N kò mọ ibi tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Wòlíì wọn kò wàásù rẹ̀ rí.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Màámi, gbogbo ìjọ ló kúkú ń ṣe àmín fún yín.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé gbogbo ìjọ ló ń jẹ́ orúkọ mi?”

Èmi alára kì í lọ sí ìjọ. Rédíò ni mo ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìdímù, ọjọ́ Ìsinmi gan-an sì ni àwọn oníbàárà mi máa ń rántí pé ẹ̀rọ wọn bàjẹ́. Wọ́n á gbé e dé, wọ́n á ní ó kàn ṣàdédé dákẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ omi ọbẹ̀ ṣì ń kán nínú rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ẹnjíníà. N kò ní ìwé ẹ̀rí kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Ìgbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rò ó, mo ní kí ni mo ń fi gbogbo wáyà inú ṣọ́ọ̀bù mi ṣe? Mo lè kan ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò gbé ohùn láti inú ilé ìjọ wá sínú rédíò pélébé tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ láìgbàwé àṣẹ, mo sì pinnu pé agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá àdúgbò wa. Mo lọ bá wòlíì.

Wòlíì jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó sì fẹ́ràn ohun ńlá. Ó gbọ́ mi tán, ó béèrè bóyá yóò dé Amẹ́ríkà. Mo ní kò ní dé Ìkòtún. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kejì ó kéde fún ìjọ pé Ọlọ́run ti gbé ohùn wọn sójú ọ̀run. Wọ́n jó fún bí ìdajì wákàtí. N kò tíì so wáyà kankan mọ́ ohunkóhun nígbà yẹn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo máa ń kìlọ̀ fún pé ẹ̀rọ tó bá ń gbé ohùn jáde kì í gbé inú ike. Ike kì í dá ohùn dúró. Ohùn á yọ lápá ọ̀tún, á yọ lápá òsì, á sì kó wọ ilé ẹni tí kò pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ti ń ka ọjọ́, ike áísìkíríìmù òfìfo kan sì wà lórí fíríìjì. Inú rẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ tí mo kàn sí. Mo lu ihò méjì sí ìdérí, mo fa wáyà jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ, mo sì ń rìn bí ẹni tó kọ́ afárá.

Ó ṣiṣẹ́. Ìyá mi jókòó ti rédíò rẹ̀ láti aago mẹ́jọ, ó wé gèlè funfun, ó wọ sùtánà rẹ̀, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀ nítorí pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀, ó ṣe àmín kan tí ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn fi dáhùn pé, “Mà, ẹ pè mí?” Ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà, ó sì bu sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jẹ́ akọni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn obìnrin ìjọ ṣe àkànṣe àdúrà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Mọ́sálásí wà lẹ́yìn ògiri ìjọ gan-an, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra máìkì tí kò ní wáyà ni, irú èyí tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan náà lòun àti rédíò jọ ń gbà. Ike kò jẹ́ kí ẹ̀rọ mi dúró sójú kan. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, ó ń yẹ̀. Bí alàgbà tó sanra bá jókòó tì í, ó tún yẹ̀ síwájú sí i. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àwọn obìnrin ìjọ ló yí i ká. Ó yẹ̀ títí, ó bọ́ sójú ọ̀nà máìkì mọ́sálásí. Lémọ́ọ̀mù ń ṣe wáàsí lọ ní tirẹ̀ pé kí a ṣọ́ra fún ohùn èṣù, ni ohùn obìnrin kan bá pariwo “Hallelúyà!” nínú ìwo mọ́sálásí. Àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn ti dáhùn àmín kí wọ́n tó mọ ẹni tó pè wọ́n.

Ẹni tó wá bá mi ni àfáà tó máa ń pe ìrun níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ páànù ló ń ṣe lẹ́bàá títì: àpótí aṣọ, ààrò búrẹ́dì, àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. A ti mọra tipẹ́. Ó gbé máìkì náà sọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn.

“Ẹnjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Àtìgbà tí ẹ ti gbé ẹ̀rọ yín síbẹ̀, máìkì wa ti ṣèrìbọmi.”

Mo gbaná jẹ. Àṣà mi ni. Bí wọ́n bá ká àṣìṣe mọ́ mi lọ́wọ́, ṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ bínú. “Máìkì yín ni kò dáa, Àfáà. Ṣé abẹ́ afárá Abúlé Ẹ̀gbá kọ́ lẹ ti rà á?”

“Abẹ́ afárá náà ni. Ṣùgbọ́n kí tiyín tó dé, àwa nìkan là ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀.” Ó gbé máìkì lélẹ̀. “Àwọn àgbà wa ní ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí yín.”

Alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa fẹ́ràn kó máa fòfin de nǹkan ju kó gbá gọ́tà lọ. Ó ti fòfin de bọ́ọ̀lù, ó ti fòfin de ewúrẹ́, ó sì ń wá ẹ̀kẹta. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà ni yóò ní kí a yọ ẹ̀rọ náà, ìyá mi á sì padà sídìí agogo tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo mú àfáà lọ sí ilé ìjọ, mo sì ṣí i hàn án.

Ó wò ó títí. “Inú ike áísìkíríìmù lẹ gbé e sí?”

Mo fi ọwọ́ bo ihò ìdérí rẹ̀.

“Èmi ò mọ rédíò o. Ṣùgbọ́n nǹkan tí ẹ ò fẹ́ kó jáde, ẹ wá gbé e sínú ike, Ẹnjíníà.”

Ojú tì mí, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Mo ní irin ló yẹ kó yí i ká lọ́nà gbogbo, lókè nílẹ̀, kí ojú àsopọ̀ kankan má ṣe là, kó má sì sí ọ̀nà àbájáde kankan àyàfi ibi tí éríà, wáyà tó ń ju ohùn sáfẹ́fẹ́, ń gbà yọ lórí. Àfáà ní kò le, òun á kàn án. Ó ní àpótí tó bá máa gba òun lọ́wọ́ orin ìjọ, òun kò ní gbé e fún ẹlòmíràn ṣe.

Agolo òróró ńlá ló gé. Òróró tí wọ́n fi din ẹran ọdún Iléyá ní mọ́sálásí ló ti wà nínú rẹ̀. Ó na páànù náà, ó ká etí rẹ̀ wọnú ara wọn, ó fi òòlù kékeré tẹ̀ ẹ́ pa, èmi sì ń fi lẹ́ẹ̀dì dí ojú àsopọ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí a parí, mo gbé rédíò mi sọ́wọ́ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àfáà ní kí n dúró. Ó bu omi kún inú àpótí náà dé ẹnu, ó gbé e kọ́ sókè, ó sì ń wo abẹ́ rẹ̀.

“Kí lẹ ń ṣe?”

“Bá a ṣe ń yẹ iṣẹ́ páànù wò nìyẹn. Bí omi ò bá jò, kí ló tún kù?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ohùn kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n omi kán ní igun kan, ẹ̀kán méjì péré, àfáà sì tún ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo nu àpótí náà gbẹ tí mo gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀, mo fi rédíò mi yí i ká, n kò gbọ́ nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyàfi lẹ́nu éríà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ rédíò kí oníṣẹ́ páànù tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi yẹ ohùn wò. N kò sọ fún un pé ó kọ́ mi ní nǹkan.

Mo kun àpótí náà ní funfun. Wòlíì ta òróró mímọ́ sí i lára, ó yà á sí mímọ́ níwájú gbogbo ìjọ. N kò kà á sí dandan láti sọ ibi tí àpótí náà ti wá.

Ó ku iṣẹ́ kan. Àpótí irin tí kò bá kan ilẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Ó yẹ kí a fi wáyà so ó mọ́ irin tó wọlẹ̀ dáadáa, kí gbogbo ìkùnsínú iná lè rí ibi tí yóò sá sí. Mo gé páìpù omi àtijọ́ kan, mo gbá a wọlẹ̀ ní igun ọgbà ìjọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, iyanrìn ibẹ̀ sì gbẹ. Mo da èédú àti iyọ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ibẹ̀ lè máa tutù. Wáyà tí mo ní lọ́wọ́, pupa ni. Mo so ó mọ́ orí irin náà nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ ìyá tó ń tọ́jú ilé ìjọ pé kó máa da omi oníyọ̀ sí ìdí irin yìí ní àràárọ̀.

Kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ yìí kà, kó sì gbìyànjú láti má ṣe rẹ́rìn-ín. Irin wà nínú ilẹ̀. Èédú wà ní ìdí rẹ̀. A so nǹkan pupa mọ́ ọn, nínú ọgbà ìjọ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ pupa wọ̀. Láràárọ̀ ni obìnrin àgbà kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, ń rọra da omi sí i, tí ẹnu rẹ̀ sì ń jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ìyá náà kì í ṣe iṣẹ́ kankan láìgbàdúrà sí i. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ó yẹ kí n mọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀. Àmọ́ èmi kò rí i, wáyà nìkan ni mo rí.

Fún oṣù kan, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ìyá mi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, mọ́sálásí ń gbọ́ lémọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi irin mi, ayé ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan rí ìyá olùtọ́jú tó ń da omi, kò béèrè, òun náà bu omi tirẹ̀ wá. Ẹlòmíràn ní kòkòrò ara ọmọ òun lọ lẹ́yìn tí òun fi ọmọ náà kan irin. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àbẹ́là mẹ́ta ló ń jó níbẹ̀. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí mo wá wo wáyà, mo sì wò ó pé omi tí wọ́n ń dà ń ran irin mi lọ́wọ́. Mo dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò dákẹ́ rárá.

Alàgbà kan tó ti rìnrìn àjò ló dé. Bó ṣe wọ ọgbà, tó rí irin, tó rí pupa, tó rí àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní Ògún ti wọ ọgbà mímọ́, ẹnìkan ló sì gbé e wọlé. Wọ́n pe ìpàdé. Wòlíì gbàdúrà, ó sì ríran. Ó ní òun rí irin kan tó di ẹsẹ̀ ìjọ mú. Gbogbo wọn ké pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà rí i. Òótọ́ ni, wọ́n ti ń rí i láti oṣù kan, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n hú u. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Wọ́n ju páìpù náà sẹ́yìn odi, wọ́n gé wáyà, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ojú ihò náà kí Ògún má bàa padà wá. N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn pé Ògún kórìíra imọ̀ ọ̀pẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi pè mí. “Rédíò mi ń kùn.”

Mo gbé etí sí i. Ó ń kùn bí ilé oyin, ohùn wòlíì sì ń wá, ó ń lọ nínú rẹ̀. Ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìyá mi di etí tábìlì mú. Mo sáré jáde pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Ẹnu géètì ìjọ ni ọkùnrin aṣọ́nà ti dá mi dúró.

“Ẹnjíníà, ẹ ò lè wọlé.”

“Ẹ̀rọ ló bàjẹ́.”

“Ẹ wo ara yín ná.”

Mo wo ara mi. Ẹ̀wù àwọ̀sùn gígùn tó wà lọ́rùn mi, pupa ni. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ẹ̀wù, mo ṣépè sínú, wọ́n sì lọ wá sùtánà kan fún mi tí kò dé orúnkún. Báyìí ni mo ṣe wọ ilé Ọlọ́run nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, itan mi ń ṣeré sí afẹ́fẹ́.

Nínú ilé ìjọ, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Iná jẹnẹrétọ̀ tí kò rí ilẹ̀ sá sí mọ́ ti gba ara àpótí dé inú máìkì. Wòlíì fi ètè kàn án, ó fò sẹ́yìn, ó ní “Yéè!” Ìjọ dáhùn “Hallelúyà!” Ó tún padà sún mọ́ ọn, ó tún gbé e létè, ó tún fò. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin. Arábìnrin méjì ti ṣubú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wòlíì yọ áńkáṣíìfù nínú àpò, ó fi wé máìkì náà, kó tó sọ̀rọ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó mọ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀.

Mo kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ mi, mo rí wáyà tí wọ́n gé. Kò sí irin, kò sí àyè láti wá òmíràn, nítorí alàgbà tó ń ka orúkọ àwọn aláìsàn ti dìde, ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí nǹkan mìíràn ṣe ju kí n gbá àpótí náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò o; ó ń ta mí lọ́wọ́ bí èsìsì. Ẹsẹ̀ mi wà lórí sìmẹ́ńtì tútù láìsí bàtà, bẹ́ẹ̀ ni èmi fúnra mi ṣe di irin ilẹ̀. Ìkùn náà dínkù. Mo ń yọ̀. Àṣé ọwọ́ mi ti mú kí ẹ̀rọ náà yẹ̀ kúrò níbi tí rédíò ìyá mi wà, ó ti bọ́ padà sójú ọ̀nà máìkì àfáà. Ọjọ́ Ìsinmi sì ni àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ àsàláátù máa ń pé jọ ṣe àdúà ní mọ́sálásí.

Alàgbà ka orúkọ kan, ó ka ìkejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. Nígbà tó dé orí orúkọ ìyá mi, ìwo ńlá tó wà lórí mọ́sálásí ló fi pè é, ó pè é lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, gbogbo àdúgbò gbọ́. Alàgbà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé e dìde. Ìjọ ṣe àmín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kí n tó gbọ́ òmíràn láti ẹ̀yìn ògiri, àmín gígùn, ohùn obìnrin bí ọgọ́rùn-ún, bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàláátù ṣe máa ń ṣe é, àmíìn, àmíìn. Èmi ń bú wáyà lọ́wọ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà náà, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Mo rìn lọ sílé pẹ̀lú sùtánà kúkúrú náà lọ́rùn mi. Àfáà ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà wa, mo sì ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu.

“Àwọn ìyá àsàláátù ń béèrè ẹni tó ni orúkọ,” ló wí. “Mo ní ìyá Ẹnjíníà ni, tẹ́sẹ̀ ń dùn. Wọ́n ní àwọn á máa rántí rẹ̀.” Ó wo itan mi, ó gbé ojú kúrò. “Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹ̀rọ yẹn ṣe jàre.”

Mo wọlé. Ìyá mi ti pa rédíò. Ó jókòó síbi fèrèsé, ó sì ti yí àga rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò mọ bó ṣe ṣe é. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Mo gbọ́ ọ,” ló wí. “Mo ṣe àmín. O gbọ́ bí tiwọn ṣe pọ̀ tó?”

“Mo gbọ́, Màámi.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ṣe é?”

Mo ní wáyà ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun mọ̀. Kò bínú, ó sì kọjú sí fèrèsé padà. Mo dúró níbẹ̀, ó sì dùn mí gidigidi. Odidi ìjọ ṣe é, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ṣe é, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé orúkọ ìyá mi dé etí gbogbo àdúgbò, èmi nìkan ni n kò dáhùn sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá wòlíì àti àwọn alàgbà. Mo ṣàlàyé irin, iyọ̀ àti èédú. Alàgbà tó rìnrìn àjò ní Ògún ni Ògún ń jẹ́. Wòlíì fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀, ó sì dijú. Ó ní Ẹ̀mí ti tún sọ̀rọ̀, kí wọ́n dá irin náà padà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ funfun. Mo kun ún, mo fi wáyà funfun so ó, mo gbá a wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀ níbi tí ojú kankan kò ti rí i, mo sì ń lọ da omi sí i fúnra mi. Láti ìgbà náà, ohùn ìjọ àti ti mọ́sálásí kò pa ara wọn pọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ní kí n lọ dúró ti ẹ̀rọ, bóyá nǹkan lè ṣe é. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n jókòó. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ketekete. Àfáà ti ránṣẹ́ pé bí àsàláátù bá dé orí àdúà, òun á fi orúkọ ìyá mi kún un, ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi ní kí n gbé àga òun sí agbede méjì tábìlì àti fèrèsé. Wọ́n ka orúkọ rẹ̀ nínú ìjọ. Ó ṣe àmín tirẹ̀, ó wá yíjú sí mi, ó ń dúró.

Mo ṣe é. Ó ní òun kò gbọ́, kí n tún un wí, mo sì tún un wí.